Àwọn fíìmù Yorùbá ọdún 2024 tí mo tún wò lẹ́ẹ̀kejì

Fíìmù tó dùn mọ́ mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kì í wọ inú àwọn tí mò ń pè ní ààyò ọdún. Nígbà àkọ́kọ́, ìtàn ló ń fà mí lọ: ta ni yóò kú, ta ni yóò jọba, ta ló da ta. Ìgbà tí mo bá ti mọ òpin rẹ̀ tán ni mo tó ń gbọ́ ohùn dáadáa, tí mo ń wo aṣọ, tí mo ń wo ọwọ́ ẹni tó ní àgbẹ̀ lòun bóyá ó ti di ọkọ́ mú rí. Àwọn tó bá la ìgbà kejì yìí kọjá ni mo ka sí. Nínú àwọn ti 2024, méjì ló là á kọjá tí mo fi ń ronú lé wọn títí di òní, àwọn méjèèjì yìí ni mo sì fẹ́ sọ jù.

Ọdún Ọ̀yọ́ Ilé ni 2024. House of Ga'a, tí Bọ́láńlé Austen-Peters darí, bọ́ sórí Netflix ní ọjọ́ 26 oṣù Keje. Lisabi: The Uprising, tí Níyì Akínmọ́láyan, ọmọ ìpínlẹ̀ Oǹdó tiwa níbí, darí, tẹ̀lé e ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹsàn-án. Ọ̀pọ̀ èèyàn wò wọ́n bí ìtàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ọ̀kan ti Ọ̀yọ́, èkejì ti Ẹ̀gbá. Lójú tèmi, apá méjì ìtàn kan ni wọ́n. Ẹni tó bá wò wọ́n tẹ̀léra, tí Gáà ṣáájú, tí Líṣàbí tẹ̀lé e, yóò rí ohun tí ọ̀kankan nínú wọn kò lè dá fi hàn.

Orí oyè Gáà, ìyẹn Baṣọ̀run, ló yẹ kí èèyàn ti bẹ̀rẹ̀. Baṣọ̀run ni olórí Ọ̀yọ́ Mèsì, àwọn ìjòyè méje tó ń fi Aláàfin jẹ: Baṣọ̀run, Àgbàakin, Sàmù, Alápinni, Lágùnnà, Akínikú àti Aṣípa. Bí ọba bá ń ṣi agbára lò, Baṣọ̀run ló ń gbé igbá òfìfo tàbí ẹyin odídẹrẹ́ síwájú rẹ̀. Ọba tó bá rí i ti mọ̀ pé ìlú ti kọ òun, kò sì gbọdọ̀ rí oòrùn púpọ̀ mọ́. Àwọn àgbà ṣe òfin yìí kí ọba má baà ya òǹrorò. Gáà wá sọ ọ́ di ohun ìjà ara rẹ̀. Fún bí ogún ọdún, ọba ń gorí ìtẹ́, ọba ń lọ, òun jókòó. Aláàfin Abíọ́dún ló fi sùúrù àti ẹ̀tàn bá a gbé, tó sì ránṣẹ́ sí Ọ̀yàbí, Kakaǹfò tó wà ní Àjàṣẹ́, kí wọ́n tó jọ ṣẹ́gun rẹ̀ ní 1774. Ibẹ̀ ni àwọn baba wa ti rí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ: bí o láyà kí o ṣèkà, bí o bá rántí ikú Gáà kí o sòótọ́.

Fẹ́mi Branch gbé Gáà wọ̀ débi pé òun ni ojú ń wá nínú gbogbo ìran, kódà nígbà tí ẹlòmíràn ń sọ̀rọ̀. Ìyẹn nìkan tó láti tún fíìmù náà wò. Àmọ́ ẹni tí kò bá mọ òfin igbá òfìfo kó tó jókòó yóò rò pé ipá nìkan ni Gáà fi ń pa ọba, nígbà tó jẹ́ pé òfin ló ń lò. Ìyàtọ̀ yẹn ló mú ìtàn náà dẹ́rù bani. Mo máa ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ wò ó pé kó kọ́kọ́ mọ ohun mẹ́ta: iṣẹ́ Ọ̀yọ́ Mèsì, òfin igbá yìí, àti pé Abíọ́dún kò kánjú. Ìsẹ́jú márùn-ún àlàyé ti tó.

Kí ló wá kan Líṣàbí, akọni tó ṣáájú àwọn Ẹ̀gbá? Ọ̀pọ̀ òpìtàn gbà pé lábẹ́ Abíọ́dún yìí kan náà ni àwọn Ẹ̀gbá gba ara wọn lọ́wọ́ Ọ̀yọ́, láàárín bí 1775 sí 1780 àti díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ọba tó bọ́ lọ́wọ́ Gáà kò fẹ́ kí olórí ogun kankan tún lágbára ju òun lọ. Ó kọjú sí òwò ju ogun lọ, ilé ogun Ọ̀yọ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ. Àwọn àgbẹ̀ tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ ní gúúsù ló kọ́kọ́ fi hàn gbogbo ayé pé ó ti rọ. Bí ẹ bá wo Líṣàbí láìmọ èyí, yóò jọ pé akọni kan ló dìde lójijì tó lé Ọ̀yọ́ lọ. Bí ẹ bá ti inú ààfin Gáà bọ̀, ẹ ó mọ̀ pé ògiri ti lanu tipẹ́.

Nínú Lisabi, Lateef Adédiméjì ló ṣe Líṣàbí, ibi tí mo sì fẹ́ràn jù nínú ìtàn yìí ni àáró. Àáró kì í ṣe ọ̀wẹ̀. Ọ̀wẹ̀ ni kí ènìyàn pe ará àti ọ̀rẹ́ wá ṣiṣẹ́ ńlá kan fún un, kó se oúnjẹ, kí gbogbo wọn jẹ kí wọ́n lọ. Gbèsè ni àáró: bí èèyàn mẹ́wàá bá dàpọ̀, oko ẹnì kan ni wọ́n ń ro lónìí, ti ẹlòmíràn lọ́la, títí yóò fi kárí gbogbo wọn. Ẹni tó bá jẹ nínú rẹ̀ tí kò san án padà ti ba orúkọ ara rẹ̀ jẹ́. Ohun tí Líṣàbí rí níbẹ̀ ni pé ẹgbẹ́ yìí ní ètò, ó ní ìgbọ́kànlé, ó ní ọjọ́ ìpàdé, ó sì kún fún ọkùnrin tó ní àdá àti ọkọ́ lọ́wọ́, kò sì sí ajẹ́lẹ̀, aṣojú Ọ̀yọ́, tó máa fura sí i. Ẹgbẹ́ àáró ló wá di ẹgbẹ́ ológun. Àlùfáà Samuel Johnson, tó parí ìwé ìtàn rẹ̀ ní 1897, kọ ọ́ pé ìlàrí, ìyẹn àwọn ìránṣẹ́ Aláàfin, tí wọ́n pa lọ́jọ́ kan ṣoṣo lé ní 600. Iye bẹ́ẹ̀ kò ṣeé pa láìsí ètò tó ti wà tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, gbogbo ìran oko nínú fíìmù náà ló ṣe pàtàkì ju ìran ìjà lọ lójú mi. Ẹ má fò wọ́n.

Ìlàrí pẹ̀lú ní àmì tí ojú yẹ kó wá. Apá kan orí wọn ni wọ́n ń fá, tí wọ́n ń fi apá kejì sílẹ̀. Fíìmù tó bá fi fìlà bo orí gbogbo ìlàrí ti pàdánù ohun tó rọrùn jù láti fi hàn pé ìránṣẹ́ ọba ni wọ́n. Irú nǹkan báyìí ni mò ń wá nígbà kejì, kì í ṣe nítorí pé mo fẹ́ bú ẹnikẹ́ni, bí kò ṣe pé ibi kékeré ni a ti ń mọ ẹni tó ṣèwádìí.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹṣin. Agbára Ọ̀yọ́ wà lórí ẹlẹ́ṣin, ilẹ̀ ọ̀dàn sì ni ẹṣin ti ń ṣe dáadáa. Bí ó bá ti wọ igbó ńlá bíi ti apá ọ̀dọ̀ wa níbí, kòkòrò tó ń mu ẹ̀jẹ̀ ẹran yóò kó àìsàn ràn án, kò sì ní pẹ́ kú. Igi àti ìtàkùn kò sì ní jẹ́ kó sáré. Ìdí nìyí tí apá Ẹ̀kìtì, Àkúrẹ́ àti Oǹdó kò fi jẹ́ ilẹ̀ ogun ẹlẹ́ṣin. Fíìmù tó bá mú ogún ẹlẹ́ṣin sáré gba àárín igbó kìjikìji kọjá kò mọ ìdí tí Ọ̀yọ́ fi tóbi, kò sì mọ ibi tí títóbi rẹ̀ parí sí.

Aṣọ ńkọ́? Ọ̀rúndún kejìdínlógún ni à ń sọ. Ankara kò tíì dé. Ọ̀rúndún tó tẹ̀ lé e ló ń bọ̀. Aṣọ òfì ni ti ọlọ́lá: sányán, àlàárì, ẹtù. Pẹ́ẹ́rẹ́pẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń hun ún, fífẹ̀ ọ̀kan kò ju bí íǹṣì mẹ́rin lọ, wọ́n á wá rán an pọ̀. Bí kámẹ́rà bá sún mọ́ agbádá, ojú rírán yẹn gbọ́dọ̀ hàn lóròòró. Bí kò bá hàn, aṣọ ilé ìtajà ni. Kíjìpá tún wà, èyí tí àwọn obìnrin ń hun lórí òfì òòró, tí wọ́n mọ̀ dáadáa ní Ọ̀wọ̀ àti Àkókó. Èmi kò tíì rí fíìmù ìtàn tó lò ó bó ṣe yẹ. Ní alẹ́, fìtílà epo tàbí ti òrí ni, pẹ̀lú òwú nínú àwo amọ̀ tàbí irin, kì í ṣe àtùpà kẹrosíìnì onígíláàsì. Àgbàdo kò burú, ó ti dé ṣáájú. Gàrí nílé gbogbo mẹ̀kúnnù ni kí ẹ fura sí, nítorí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ló tàn kálẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Bí fíìmù nípa ìgbà ayé Líṣàbí bá sì fi Abẹ́òkúta hàn, ó ti fo bí àádọ́ta ọdún: 1830 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó.

Ohùn ni ohun tí mo fi ń lé fíìmù púpọ̀ jáde nínú àkọsílẹ̀ mi, òun sì ni àwọn olùwòran ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ kéré jù. Bí àwòrán bá ṣókùnkùn, èèyàn á ṣì mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Bí a kò bá gbọ́ ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ọ̀rọ̀ Yorùbá, ọ̀rọ̀ ti sọnù nìyẹn. Maikirofóònù orí ọ̀pá gbọ́dọ̀ sún mọ́ ẹnu òṣèré, bí ẹsẹ̀ bàtà méjì sí mẹ́ta. Bí ó bá jìnnà, ohùn yàrá ló ń gbà wọlé, ohùn ènìyàn á wá dún bíi pé inú ìkòkò ló ti ń bọ̀. Àwọn tó ń lo maikirofóònù kékeré tí à ń fi sábẹ́ aṣọ ń bá agbádá jìjàkadì: aṣọ tó le ń ha orí rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí òṣèré bá ká apá agbádá sókè. Wọ́n ní láti fi téèpù tí wọ́n ká mọ́ra lẹ̀ ẹ́ mọ́ àyà, kí aṣọ má kàn án.

Ẹ tẹ́tí sí ìró ìrẹ̀ nínú ìran òru. Bí ìró náà bá ń fò, tó pọ̀ nígbà tí wọ́n fi ojú ọkùnrin hàn, tó dákẹ́ nígbà tí wọ́n fi ojú obìnrin hàn, tó tún padà, ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé wọn kò gba ìró ibẹ̀ lásán sílẹ̀. Kí gbogbo ènìyàn dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan péré kí maikirofóònù máa gbà á ni, èyí tí wọ́n á wá tẹ́ sábẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Ìṣẹ́jú kan yìí ni ọ̀pọ̀ ń kánjú fò nítorí pé ilẹ̀ ń ṣú, jẹnẹrétọ̀ ń jẹ epo, àwọn òṣèré sì fẹ́ lọ sílé.

Ìlù pàápàá lè ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Nínú fíìmù èdè mìíràn, orin lásán ni ìlù abẹ́ ọ̀rọ̀. Dùndún kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá tẹ́ ẹ sábẹ́ ìgbà tí ọba ń bá ìjòyè sọ̀rọ̀, ẹni tó gbọ́ ìlù yóò máa gbọ́ ẹnu méjì lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì ní gbọ́ ọ̀kankan délẹ̀. Ìgbà tí ènìyàn bá dákẹ́ ló yẹ kí ìlù fọhùn. Bí mo bá rí fíìmù tó mọ èyí, mo ti fún un ní ipò kan kí n tó wo ìyókù.

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń kọ sísàlẹ̀ náà ní òfin tirẹ̀, ó sì dára kí àwa tó gbọ́ Yorùbá mọ̀ ọ́n. Lórí Netflix, ìlà kan kì í ju lẹ́tà 42 lọ, ìlà méjì ló pọ̀ jù lẹ́ẹ̀kan, kì í sì í pẹ́ ju ìṣẹ́jú àáyá méje lọ lójú àwòrán. Oríkì tí akéwì kì ní èémí kan kò lè wọ ibẹ̀. Ohun tí olùtumọ̀ ń ṣe ni kó mú ìtumọ̀ kan ṣoṣo, kó sì fi ìyókù sílẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá ń wò ó pẹ̀lú àwọn ọmọ tó gbọ́ Yorùbá díẹ̀, ẹ pa ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ náà nígbà kejì. Ojú wọn yóò kúrò nísàlẹ̀, etí wọn yóò sì ṣí. Bọ́tìnnì tó ń dá a padà fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá sì wà níbẹ̀ fún ibi tí ọ̀rọ̀ bá le.

Fún ẹni tó wà ní Àkúrẹ́ tó fẹ́ tún wọn wò, dátà ni ìnáwó rẹ̀. Netflix lórí tẹlifíṣọ̀n tàbí kọ̀ǹpútà ní ìpele tó kéré jù ń jẹ bíi 0.3 GB ní wákàtí kan, ti àárín ń jẹ bíi 0.7 GB, èyí tó mọ́lẹ̀ kedere lè jẹ tó 3 GB. Lórí fóònù, bí ẹ bá yan èyí tó ń ṣọ́ dátà, 1 GB lè gbé yín dé bíi wákàtí mẹ́fà. Fún ìgbà kejì, ti àárín ló tó: ojú rírán aṣọ òfì á ṣì hàn. Ẹ fi íápíìsì sétí, nítorí sípíkà fóònù kò lè gbé ìsàlẹ̀ ìlù. Bí ohùn èèyàn bá kéré tí ìlù sì ń bú gbàù lórí tẹlifíṣọ̀n yín, ẹ wo ibi tí wọ́n ti ń yan ohùn: bí ẹ bá rí 5.1 lára orúkọ rẹ̀, ẹ yan èyí tí kò ní in. A ṣe 5.1 fún ilé tó ní sípíkà púpọ̀. Bí tẹlifíṣọ̀n oní-sípíkà méjì bá ń fún un pọ̀, ohùn ẹnu ló sábà máa ń rì.

Àwọn yòókù nínú ọdún náà kò ní gbà mí pẹ́. Bọ́láńlé Austen-Peters kan náà ló mú Funmilayo Ransome-Kuti wá sí sinimá ní ọjọ́ 17 oṣù Karùn-ún, Kẹ́hìndé Bánkọ́lé sì ṣe é pẹ̀lú ìfarabalẹ̀. Ẹ̀yìn Líṣàbí ló yẹ kí èèyàn wò ó: ìlú Ẹ̀gbá kan náà, ọ̀rọ̀ owó orí kan náà, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí àwọn obìnrin ni, Aláké Adémọ́lá Kejì sì fi ìtẹ́ sílẹ̀ fúngbà díẹ̀ ní 1949. Aníkúlápó: Rise of the Spectre, eré alápá púpọ̀ tí Kúnlé Afọláyan gbé jáde ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹta, rẹwà ní ojú, ṣùgbọ́n fíìmù 2022 tó ṣáájú rẹ̀ ló mú mi jù, nítorí ìtàn ẹnì kan ló dì mú láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Seven Doors, eré alápá púpọ̀ mìíràn tó dé orí Prime Video nínú oṣù Kejìlá, fún wa ní eré ṣíṣe tó ga jù lọ́dún náà: Fẹ́mi Adébáyọ̀ àti Chioma Chukwuka ló gba ẹ̀bùn òṣèré aṣáájú lọ́kùnrin àti lóbìnrin ní AMVCA (Africa Magic Viewers' Choice Awards) ọdún 2025 lórí rẹ̀, ó sì tọ́ sí wọn. Everybody Loves Jenifa ti Fúnkẹ́ Akíndélé pa ju bílíọ̀nù kan náírà lọ ní sinimá. Inú gbọ̀ngàn tó kún ló ti dùn jù. Ẹni tó bá dá wò ó lórí fóònù yóò pàdánù ìdajì rẹ̀, nítorí ẹ̀rín àwọn ará ẹ̀gbẹ́ wà lára eré náà.

Ohun kan ló ń dùn mí nínú gbogbo ọdún ẹlẹ́wà yìí. Ọ̀yọ́ àti Ẹ̀gbá ló gba gbogbo àwòrán, ilẹ̀ wa kò sí níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ kámẹ́rà mọ ọ̀nà ìhín. October 1 ti Kúnlé Afọláyan, tó jáde ní 2014, Ìlárá-Mọ̀kín tí kò jìnnà sí Àkúrẹ́ ni wọ́n ti ya púpọ̀ nínú rẹ̀. Ìlú 1960 ni wọ́n nílò, ìyẹn sì rọrùn: ilé alámọ̀ àti òrùlé páànù àtijọ́ ṣì wà. Bí ó bá jẹ́ 1770 ni, kò sí páànù tó gbọ́dọ̀ hàn, wọ́n ní láti kọ́ ìlú tuntun pẹ̀lú ewé àti koríko, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ fún Aníkúlápó.

Ìtàn tí mo fẹ́ rí ni ti Pùpùpù, obìnrin tó kọ́kọ́ jẹ Ọ̀ṣemàwé ní Oǹdó, tí ọmọ rẹ̀ Áírò jẹ tẹ̀lé e, àti ti Ọba Lọ́bùn, obìnrin tó ṣì ní ipa nínú fífi Ọ̀ṣemàwé jẹ títí dòní, tí ọjà àti Ajé wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é kò gbọdọ̀ fi èdè Ọ̀yọ́ sọ ọ́. Kó jẹ́ kí ọmọ Oǹdó tó dàgbà sílé ka gbogbo ọ̀rọ̀ inú ìwé eré náà sókè sínú ẹ̀rọ, kí òṣèré kọ́ ọ láti etí, kí onítọ̀hún sì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ olùdarí ní gbogbo ọjọ́ iṣẹ́, kó ní àṣẹ láti ní kí wọ́n tún un sọ. Kó lọ bẹ àwọn ahunṣọ obìnrin Àkókó àti Ọ̀wọ̀ fún kíjìpá ní oṣù mẹ́fà ṣáájú, nítorí ọwọ́ ni wọ́n fi ń hun ún. Kó má ya ìran igbó láàárín oṣù Kẹrin sí oṣù Kẹwàá tí òjò ń rọ̀ léraléra. Oṣù Kọkànlá ló dára jù: ewé ṣì tutù, ọ̀nà ti gbẹ, ọyẹ́ kò sì tíì sọ ojú ọ̀run di funfun.